Ìjàpá Akawàrà

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí Ìyá Abilà, màlúù aláwọ̀ dúdú òun funfun. Ó dá lórí Èèrà tó mọ ìṣirò. Ẹni tó bá létí, kó fi gbọ́. Ẹni tó bá mọ ẹni tí mò ń bá wí, kó pa orúkọ náà mọ́ sínú.

Nílùú kan lókè òkun, Idì ni ọba. Idì fẹ́ràn wàrà. Ó ń mu ún láàárọ̀, ó ń mu ún lọ́sàn-án, ó ń mu ún kó tó sùn. Kì í ṣe pé màlúù wọ́n nílùú náà. Ní ọdún 1944, abo tí wọ́n ń fún wàrà wọn lé ní mílíọ̀nù 25. Ṣùgbọ́n wàrà tí wọ́n ń rí fún lára màlúù kan, láti ọdún dé ọdún, kò ju nǹkan bí 2,000 kílò lọ. Ẹni tó ni màlúù a mu nínú rẹ̀. Ológbò a lá èyí tó bá dà sílẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń rù lọ sáàfin.

Idì ní kò tó òun. Ó ní kí wọ́n lu agogo yí ìlú ká: ẹni tó bá lè sọ wàrà di púpọ̀, kó wá, kó sì dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ìjàpá gbọ́. Ìjàpá kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Ó ti já pa lọ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jápa. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó gboyè. Ó fi awò sójú, ó gbé ẹ̀wù funfun gígùn lé igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá kí i pé, "Ìjàpá, ẹ kú àárọ̀ o," kò ní dá ọ lóhùn. Àfi bí o bá pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé ààfin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, n ó sọ wàrà di odò."

"Èló ni owó iṣẹ́ rẹ?"

"Igbá kan nínú igbá mẹ́wàá, Kábíyèsí."

Idì fi ojú kan wò ó. "Ṣé o fẹ́ lọ máa tà á ni? Gbogbo oníṣòwò ìlú yìí ló ń san owó orí fún mi."

Ìjàpá fi ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Èmi? Onímọ̀ ni mí, n kì í ṣe oníṣòwò. Mi ò ní tà á. Mi ò ní fi tọrẹ. Ẹnu mi yìí ni n ó fi mu gbogbo rẹ̀."

Odídẹrẹ́ ni akọ̀wé ọba. Odídẹrẹ́ kì í yí ọ̀rọ̀ pa dà. Bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ìjàpá tẹ̀ka sí i. Wọ́n ti ìwé náà mọ́ inú àpótí.

Ìjàpá délé, ó ròyìn fún Yánníbo. Yánníbo káwọ́ gbera.

"Olówó orí mi, ìwọ tí o kò mu wàrà rí! Lọ́jọ́ tí o tọ́ ọ wò, ṣebí odindi òru ni inú rẹ fi kùn."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ta ní fẹ́ mu ún? Àwọn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń ṣòwò lódìkejì odò, ṣé àwọn náà ò fẹ́ rà á lóru ni?"

Yánníbo dákẹ́. Yánníbo mọ ọkọ rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlú rò pé abo ni Ìjàpá yóò kó jọ. Ìjàpá kó akọ jọ. Ọ̀bọ tó wà lórí igi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, akọ dà, wàrà dà? Ta ló rí ọmú lábẹ́ akọ rí?"

Ìjàpá ní, "Ọ̀bọ, òkè lo wà lóòótọ́, o ò ríran jìnnà. Abo kan a bí ọmọ kan lọ́dún. Akọ kan lè bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí mo bá tún abo kan ṣe, mo tún ilé kan ṣe. Bí mo bá rí akọ kan yàn, mo yí ìlú pa dà."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́. Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni Ìjàpá.

Ó ń gba àtọ̀ lára àwọn akọ. Ó ń rọ ọ́ sínú ọ̀pá tó tín-ín-rín. Ó ń kó àwọn ọ̀pá náà sínú àmù òtútù, òtútù tó fi ìwọ̀n 196 lọ sísàlẹ̀ òdo. Nǹkan kì í kú níbẹ̀, nǹkan kì í dàgbà níbẹ̀. Akọ lè ti kú, kí ọmọ rẹ̀ ṣì máa wáyé. Bí ó bá bí ọmọ lóbìnrin, ọmọ náà a dàgbà, a lóyún, a bímọ, wọ́n a wá fún wàrà rẹ̀. Ìgbà náà ni Ìjàpá tó mọ ohun tí baba rẹ̀ gbé sínú. Nǹkan bí ọdún márùn-ún a ti lọ. Ìjàpá ń dúró. Ìjàpá kì í sáré.

Àwọn akọ tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Akọ kìn-ín-ní ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ọmọ mi ń pẹ́ láyé."

Ìjàpá ní, "Wàrà mélòó?"

Akọ kejì ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ọmọ mi ń tètè lóyún, oyún wọn kì í bàjẹ́."

Ìjàpá ní, "Wàrà mélòó?"

Akọ kẹta ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mi le, àìsàn kì í tètè ṣe wọ́n."

Ìjàpá ní, "Wàrà mélòó?"

Ẹni tí kò bá lè dárúkọ iye tó dùn mọ́ ọn, Ìjàpá a tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé. Ìkookò ló ń pẹran ní ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọdún 1962, wọ́n bí akọ kan. Olóyè ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1965, wọ́n bí òmíràn. Ìgbéga ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ Olóyè dàgbà, wàrà wọn kún igbá, ó kún àmù. Àwọn ọmọ Ìgbéga dàgbà, wàrà tiwọn náà kún igbá, ó kún àmù. Ìjàpá fò sókè. Ó ní ó parí.

Ìjàpá ti kọ́ àṣírí kan lára àwọn abo. Màlúù kì í tú wàrà sílẹ̀ fún ẹni tó dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá fi ẹnu kan ọmú, tàbí bí ọwọ́ jẹ́jẹ́ bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, ọpọlọ a ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ náà a dé ọmú. Ọmú a fún ara rẹ̀ láti inú wá. Wàrà a sọ̀. Kódà bí ó bá ti mọ ìró tó máa ń ṣáájú ìfúnwàrà, ìró yẹn nìkan ti tó. Ìjàpá bá dá orin. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a gbé ìwé sí àyà, a ki gègé bọ etí, a máa kọrin láàrin agbo:

Abilà o, Abilà,
*Tú u sílẹ̀, kó kúngbá.*
N ò bèèrè ọmọ rẹ,
*Tú u sílẹ̀, kó kúngbá.*
N ò bèèrè ẹsẹ̀ rẹ,
*Tú u sílẹ̀, kó kúngbá.*
Wàrà ni mo wá kà,
*Tú u sílẹ̀, kó kúngbá.*
Tèmi wà nínú mẹ́wàá,
*Tú u sílẹ̀, kó kúngbá.*

Wàrà a dà. Ìjàpá a kà á. Òru a lẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a dé.

Olóyè bí ọmọ obìnrin 16,000. Àwọn ọmọ rẹ̀ bí ọmọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin di 500,000. Àwọn náà bí ọmọ. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Olóyè fúnra rẹ̀ kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Inú àmù òtútù ló ti bí èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tó yá, bí o bá gba ẹ̀jẹ̀ agbo dúdú òun funfun jọ, nǹkan bí ìdá kan nínú méje rẹ̀ jẹ́ ti Olóyè. Bí o bá dá akọ kan dúró lójú ọ̀nà pé, "Ìwọ, ọmọ ta ni?" a ní, "Olóyè ni baba ńlá mi." Bí kì í bá ṣe Olóyè, Ìgbéga ni. Ìdílé akọ tó kù run kúrò lójú ọ̀nà.

Ọmọ Olóyè ń fẹ́ ọmọ-ọmọ Olóyè. Yánníbo rí i. Ó ní, "Bálé mi, nílé tiwa, kí wọ́n tó fi ọmọ fọ́kọ, wọ́n a kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹbí ni wọ́n."

Ìjàpá ní, "Nílé tiwa, wàrà mélòó ni wọ́n ń rí?"

Yánníbo tún dákẹ́.

Nígbà tí ó fi di ọdún 2007, màlúù tí wọ́n ń fún wàrà wọn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ń mú ohun tó lé ní 9,000 kílò wá lọ́dún. Màlúù dín kù, wàrà pọ̀ sí i. Idì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí Ìjàpá lọ́rùn. Ẹ bi mí pé níbo ni mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún yòókù wà. Ẹ lọ bi Ìkookò.

Òkété ní màlúù mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Ẹtu ní márùn-ún. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní méjì. Ní ọdún 1970, oko olówàrà tó wà nílùú náà tó 648,000. Ní ọdún 2006, ó ku 75,000. Òkété ti ta tirẹ̀, ó ń ṣọ́ ilé fún ẹlòmíràn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti padà sórí igi. Nígbà tí Ẹtu lọ bá Ìjàpá pé kí ni kóun ṣe, Ìjàpá ní, "Ṣe bíi tàwọn ńlá." Ẹtu ní òun kì í ṣe ẹni ńlá. Ìjàpá ní ohun tó ń ṣe é gan-an nìyẹn.

Ìjàpá kò sinmi ní gbogbo àkókò yìí. Ní ọdún 1993, ó mú abẹ́rẹ́ dé. Ó ní bí wọ́n bá ń gún màlúù ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wàrà yóò tún ga sí i. Idì ní kó máa gún wọn. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà kọjá sí àríwá, sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò tí òtútù ń mú. Àwọn yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbé e síwá, wọ́n gbé e sẹ́yìn. Ní ọdún 1999, wọ́n dá a pa dà. Wọ́n ní yóò mú kí ọmú màlúù wú, yóò mú kó máa tiro, kò sì ní jẹ́ kó tètè lóyún. Ìjàpá kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ní òtútù ló ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ Ìyá Abilà.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe wàrà. Kí lítà wàrà kan ṣoṣo tó jáde, ẹ̀jẹ̀ tó 400 sí 500 lítà ti gba inú ọmú kọjá. Ìyá Abilà ń jẹun, kò tó. Wàrà gba oúnjẹ rẹ̀, ó gba ọ̀rá ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bímọ, wàrà gba ohun tó ń mú egungun le kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, Ìyá Abilà dùbúlẹ̀ gbalaja, kò lè dìde. Wọ́n fa omi sí i lára kó tó lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ìjàpá dé, ó bẹ̀rẹ̀ wo ọmú. Kò wo ojú rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ Olóyè ni Ìyá Abilà. Wọ́n tún fi irú Olóyè sí i. Ó lóyún. Oyún wálẹ̀. Wọ́n tún fi sí i. Ó lóyún. Ó tó ìgbà díẹ̀, oyún dúró, ó bímọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóyún, oyún wálẹ̀. Àbúrò rẹ̀ lóyún, oyún wálẹ̀. Oyún ọ̀hún kì í pẹ́ kó tó lọ, ojú kì í rí i. Kìkì ohun tí ojú ń rí ni pé màlúù tí wọ́n ní ó lóyún tún ń wá akọ.

Wọ́n pe Ìjàpá. Ìjàpá ní, "Abo yìí kò mọ oyún dì mú. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni." Ó tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Abilà lọ, kò bọ̀. Àbúrò lọ, kò bọ̀.

Ó wá ku Èèrà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni òun àti Ìjàpá lọ. Ìjàpá ló ṣíwájú, Ẹ̀gbọ́n ni Èèrà ń pè é. Iṣẹ́ Èèrà ni láti máa tọ́jú ìwé. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí wọ́n kà nínú ẹ̀jẹ̀ yan akọ. Wọn kò ní láti dúró fún ọdún márùn-ún mọ́. Irun díẹ̀, tàbí awẹ́ etí bíńtín, wọ́n ti lè kà á bí ìgbà tí babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Okùn ìran ọgọ́ta ló wà nínú màlúù, ọgbọ̀n láti ọ̀dọ̀ baba, ọgbọ̀n láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìjàpá ń ka okùn yìí láti wá wàrà. Èèrà ń kà á nítorí pé Èèrà kò lè rí nǹkan kó má kà á.

Èèrà kà títí. Ní ọdún 2011, ó wá bá Ìjàpá.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń wá àwọn kan, n ò rí wọn."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí kò sí."

Ìjàpá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹni tí kò sí, báwo lo ṣe fẹ́ kà á?"

Èèrà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Àmì kan wà lórí okùn karùn-ún. Olóyè ló gbé e wá. Ẹni tó bá ru àmì kan, kò sí ohun tó ń ṣe é. Olóyè fúnra rẹ̀ kan ló rù, ara rẹ̀ sì le. Bí akọ tó ru kan bá pàdé abo tó ru kan, nínú ọmọ mẹ́rin, ó yẹ kí ọ̀kan má ru rárá, kí méjì ru kan-kan, kí ọ̀kan ru méjì. Mo ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mo rí àwọn tí kò ru. Mo rí àwọn tó ru kan. N ò rí ẹyọ kan tó ru méjì. Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í dé ayé. Inú ìyá ni wọ́n ń kú sí."

Ìjàpá wò yíká. "Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

Ìjàpá mú àpò ṣúgà kan, ó gbé e fún un. "Àbúrò, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ọ. Lọ sinmi."

Èèrà kó ṣúgà náà. Èèrà kì í kọ ṣúgà. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wá gbé e. Wọ́n tò láti ilé Ìjàpá títí dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Bí ṣúgà ṣe ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu bọ́ sẹ́nu. Ṣúgà ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ ń lọ sáàfin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Idì ti gbọ́.

Ó di ọdún 2016 kí Idì tó pe ìpàdé. Gbogbo ẹranko pé. Ìyá Abilà pé, ó ń tiro. Ìjàpá dé pẹ̀lú ìwé ìṣirò lábẹ́ abíyá. Ẹ̀rù kò bà á.

Ó ní, "Kábíyèsí, òótọ́ ni Àbúrò mi sọ. Oyún ti wálẹ̀. Láàrin ọdún 35, káàkiri ayé, ó lé ní 500,000. N ò purọ́. Owó tó bá a lọ jẹ́ mílíọ̀nù 420 dọ́là. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ewé kejì. Wàrà tí ẹ̀jẹ̀ Olóyè fi kún wàrà ayé, owó rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 30 dọ́là. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Ṣé èrè ni àbí àdánù?"

Àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í mirí. Ìkookò ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ìjàpá rí i pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí òun. Ó tún tẹ̀síwájú. "Àti pé, Kábíyèsí, mo ti mọ bí a ṣe ń dá ẹni tó ru àmì yìí mọ̀. Bí ẹ bá lè fi igbá kan kún owó iṣẹ́ mi, kó di méjì nínú mẹ́wàá, n ó máa bá yín yẹ̀ wọ́n wò."

Ẹ ò gbọ́ bí? Ẹni tó ta àìsàn ló tún ń ta oògùn. Àwọn ìjòyè tún ń mirí.

Ìyá Abilà ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó sọ.

"Kábíyèsí o, kí adé pẹ́ lórí. N ò kàwé. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Nínú bílíọ̀nù 30 yẹn, èló ni tèmi? Nínú 500,000 yẹn, mélòó ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìjàpá ṣí ìwé. Ó ṣí ojú ewé kìn-ín-ní, ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Iye náà kò sí níbẹ̀. Idì fẹ́ bínú, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí igbá wàrà tó dì mú. Ó rọra gbé e sẹ́yìn ìtẹ́.

Ó wá ní, "Odídẹrẹ́, mú ìwé àdéhùn wá."

Odídẹrẹ́ ṣí àpótí. Ó kà á pẹ̀lú ohùn Ìjàpá gan-an: "Onímọ̀ ni mí, n kì í ṣe oníṣòwò. Mi ò ní tà á. Mi ò ní fi tọrẹ. Ẹnu mi yìí ni n ó fi mu gbogbo rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Ìjàpá. Ìjàpá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, mò ń mu ún, Kábíyèsí. Kò sí òru tí n kì í mu ún."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ariwo kẹ̀kẹ́ ẹrù gba ìta kan. Àwọn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Wàrà ti pọ̀ jù lọ́jà. Owó rẹ̀ ti já wálẹ̀. Àwọn kan ń dà á sí kòtò. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rò ó pé kí òun tó gbé àdánù, kí òun dá ọjà pa dà fún ẹni tó tà á fún òun. Wọ́n dé ilé Ìjàpá, Yánníbo ní ó wà láàfin. Wọ́n bá tì í wá sáàfin, àmù lórí àmù.

Ọ̀gá wọn ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ gba wàrà yín, ẹ fún wa lówó wa."

Idì kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, o ní ò ń mu ún. Ó dáa. A fẹ́ rí i."

Wọ́n gbé àmù kìn-ín-ní sílẹ̀. Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá Abilà ló dá orin. Agbo dúdú òun funfun gbè é:

Ìjàpá o, Ìjàpá,
*Mu ún tán, kó kúnkùn.*
A ò bèèrè ìwé rẹ,
*Mu ún tán, kó kúnkùn.*
A ò bèèrè oyè rẹ,
*Mu ún tán, kó kúnkùn.*
Wàrà ni a wá kà,
*Mu ún tán, kó kúnkùn.*
Tìrẹ wà nínú mẹ́wàá,
*Mu ún tán, kó kúnkùn.*

Ó mu igbá kan. Ó mu méjì. Èèrà ń kà á. Ó mu mẹ́ta. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, gbùrù, gbùrù. Ṣúgà kan wà nínú wàrà, àfi inú tó bá mọ bí a ṣe ń gé e ló lè gbà á. Ẹranko tó bá mu ọmú ìyá rẹ̀ ni ìṣẹ̀dá kọ́ ní ìmọ̀ yìí. Ìjàpá kò mu ọmú rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ní ọmú. Inú ẹyin ló ti jáde, inú yẹ̀pẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bò ó mọ́ kó tó bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ọdún tó fi ń pàṣẹ lórí ọmú, inú ìwé ló ti mọ̀ ọ́n.

Igbá kẹrin. Inú wú, ó kan igbá ẹ̀yìn. Ibi tí inú ẹlòmíràn ti ń rí àyè wú, igbá ni ti Ìjàpá. Inú ń tì, igbá ń dá a dúró. Ó ń laagùn. Awò ojú bọ́ sílẹ̀. Igbá karùn-ún. Ẹ̀wù funfun kò funfun mọ́. Ohun tó jáde lára Ìjàpá lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́, ẹ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ìkookò tó pàtẹ́wọ́ níṣáájú ló kọ́kọ́ di imú.

Yánníbo ló bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Abilà, kò kúnlẹ̀ síwájú Idì. Ìyá Abilà ní, "Yánníbo, o kìlọ̀ fún un. Nítorí tìrẹ, kó mí." Wọ́n gbé igbá kúrò.

Idì wá dá ẹjọ́. Ó ní kí Ìjàpá san gbogbo owó orí tó jẹ òun, pẹ̀lú owó Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó ní láti òní lọ, kí wọ́n tó fi akọ sí abo, kí wọ́n máa yẹ okùn karùn-ún àwọn méjèèjì wò, kí Èèrà sì máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí Ìjàpá lọ sínú ihò òtútù ìjọba, kó wá àwọn ìdílé akọ tó run nítorí rẹ̀, kódà bí kò bá ju ẹ̀kán kan ṣoṣo tó kù nínú ọ̀pá lọ.

Ìjàpá lọ. Ó wá inú yìnyín, ìka rẹ̀ gan. Ó rí ọ̀pá díẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ ní ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ, àtọ̀ àwọn akọ tí kò sí nínú ìdílé Olóyè, tí kò sí nínú ìdílé Ìgbéga. Ó gbé wọn jáde. Wọ́n fi wọ́n sí àwọn abo. Abo lóyún, oyún dúró. Wọ́n bí akọ, ara wọn dá ṣáṣá. Gbogbo agbo jáde wá wò wọ́n.

Ìjàpá náà wá. Ó ti ra awò ojú tuntun. Ó yí àwọn ọmọ akọ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí wọn ká lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ ẹnu mọ́ wọn létí, ó ní, "Wàrà mélòó?"

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá kì í ti í fẹ́ kan wàrà, bí ó ti wù kó dùn tó. Láti ọjọ́ náà náà ni, bí wàrà bá dà sílẹ̀ níbikíbi, kí ó tó pẹ́, ẹ ó rí èèrà tí wọ́n tò wá síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn kan rò pé wọ́n wá lá a ni. Wọ́n wá kà á ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!